Àpótí Tó Gba Àyè Ọkọ Mi

Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí ọkọ mi fi ń gbé èèyàn láti pápákọ̀ òfurufú lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì, kò sì gbé èmi débẹ̀ rí. Mi ò torí ìyẹn bá a jà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni, èmi kì í sì í ṣe àlejò. Hòtẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ló bá ṣiṣẹ́, láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú títí wọ́n fi ní kó lọ sinmi. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ló ń gbà wọlé, ibẹ̀ náà ló ń gbà jáde. Ilé ìdáná ló mọ̀ jù níbẹ̀, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fún àwọn awakọ̀ ní tíì. Tí n bá bi í bí yàrá wọn ṣe rí, á ní òun gbọ́ pé wọ́n ní bẹ́ẹ̀dì.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, a kó lọ sí ìlú tí àwọn ìbejì wa ń gbé. Àwọn ọmọ yìí ló pawọ́ pọ̀ ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ wọ́n sí: wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú fún wa, wọ́n gba yàrá fún wa ní hòtẹ́ẹ̀lì bàbá wọn, wọ́n tún ṣètò ọkọ̀ tí yóò wá gbé wa ní pápákọ̀. Wọ́n ní kí bàbá àwọn náà lọ ṣe àlejò níbẹ̀. Ọkọ mi dúpẹ́, ó sì béèrè ẹni tí yóò wa ọkọ̀ náà.

Èmi ò béèrè nǹkan kan. Ohun kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn mi, mi ò sì tijú rẹ̀: mo fẹ́ jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ pẹ̀lú ọkọ mi, kí ẹlòmíràn máa gbé wa lọ, kí òun ọkọ mi má rí nǹkan kan dì mú ju ọwọ́ mi lọ. Láti ìgbà tí a ti fẹ́ra, ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀ nínú ọkọ̀. Títì ló máa ń wò.

Ibi tí a ti ń dúró de ẹrù ní pápákọ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Obìnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ fa báàgì rẹ̀ kalẹ̀ ni, ọkọ mi ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó kí i káàbọ̀, ó béèrè bí ìrìn àjò ti rí, ó sì gba iwájú. Obìnrin náà ń tẹ̀ lé e. Wọ́n kù díẹ̀ kí wọ́n jáde kí n tó lé wọn bá. Mo sọ fún un pé ọkọ mi nìyẹn. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní òun ò bá mi du ọkọ, kó sáà gbé báàgì òun sílẹ̀.

Tiwa wá jáde. Àpótí ńlá kan ni, gbogbo aṣọ mi tó jọjú ló wà nínú rẹ̀. Ọkọ mi ti sọ fún mi nílé pé kí n pín ẹrù náà sí méjì, pé àpótí yẹn ò ní wọ bùùtù ọkọ̀ kankan. Mo ní ṣé òun ló fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń di ẹrù ni. Àfọwọ́fà ni, mo gbà.

Awakọ̀ tó wá gbé wa, obìnrin ni. Ó kúnlẹ̀ kí wa, ó pè wá ní bàbá àti màmá, ó sì gbìyànjú títí, bùùtù ò pa dé. Ọkọ mi wo àpótí, ó wo ọkọ̀, ó ní ẹ̀yìn ni àpótí yẹn máa jókòó. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, àpótí ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọkọ mi sì ti ṣí ilẹ̀kùn iwájú. Mo ní kí àpótí lọ síwájú, kí òun wá sẹ́yìn. Ó wò mí bí ẹni pé mo ní kó wọ búláòsì mi jáde.

"Ìyá Ìbejì, awakọ̀ kì í jókòó sẹ́yìn."

Mo ní kì í ṣe awakọ̀ mọ́. Ó ti de bẹ́líìtì mọ́ra. Awakọ̀ náà, tí kò fẹ́ kí ohunkóhun ṣe ẹnikẹ́ni, de bẹ́líìtì mọ́ àpótí náà.

Bí èmi àti àpótí ṣe ń bá ìrìn àjò wa lọ nìyẹn. Ní gbogbo kọ́nà ló ń gbé orí lé mi léjìká, ohun tí ọkọ mi ò ṣe rí níta gbangba. Ọkọ mi ní tirẹ̀ ń tẹ búréèkì níbi tí kò sí búréèkì. Ó ní kí obìnrin náà ṣọ́ra fún ọlọ́kadà tó ń bọ̀, ó ní kó fi ọ̀nà ńlá sílẹ̀, pé ọ̀nà àbùjá kan wà tí kò ní jẹ́ kí epo ṣòfò. Ọkọ mi kórìíra kí epo ṣòfò ju bó ṣe kórìíra olè lọ. Tí n bá ní kó yà mí sí ilé àbúrò mi, á béèrè bóyá àbúrò mi ló ni ilé epo. Obìnrin náà kàn ń dáhùn pé ẹ ṣé, bàbá. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni, kò lè sọ fún àgbàlagbà pé kó gbẹ́nu dákẹ́.

Inú ń bí mi. Ká má purọ́, ó ń ṣe mí bíi kí n sunkún. Mo ń wo ìta lójú fèrèsé, mo ń ka orúkọ àwọn ṣọ́ọ̀bù, mo wá ń rò ó pé bóyá báyìí ni yóò ṣe máa rí títí a ó fi kú, òun níwájú, èmi lẹ́yìn pẹ̀lú ẹrù.

Nígbà tí a rí òrùlé hòtẹ́ẹ̀lì náà, ọkọ mi ní kó yà sọ́tùn-ún. Awakọ̀ dín eré kù, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé iwájú ni àwọn àlejò máa ń gbà. Ọkọ mi ní òun mọ ilé náà ju ẹni tó kọ́ ọ lọ. Obìnrin náà yà. Bí a ṣe bá ara wa ní géètì ẹ̀yìn nìyẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn garawa ìdọ̀tí, níbi tí wọ́n sá aṣọ bẹ́ẹ̀dì sí.

Gáàdì tó wà níbẹ̀ dìde lórí àpótí ìjókòó rẹ̀. Ó dá ọkọ mi mọ̀. Rọra ni wọ́n ń pe ọkọ mi níbi iṣẹ́, torí bó ṣe máa ń wakọ̀.

"Rọra! Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kan. Ta lẹ gbé wá lónìí?"

Ọkọ mi yíjú sẹ́yìn. Láti pápákọ̀, kò tíì wẹ̀yìn wò rí àfìgbà yẹn. Ó rí mi níbi tí mo há sí, tí àpótí gbé orí lé mi léjìká.

"Ìyàwó mi ni," ó ní.

Gáàdì bẹ̀rẹ̀ kí mi dáadáa, ó ní kí n sọ̀ kalẹ̀, pé òun á bá wa gbé ẹrù gba ilé ìdáná kọjá.

"Mi ò sọ̀ kalẹ̀ níbí," mo ní. "Ẹnu ọ̀nà iwájú ni àwọn ọmọ mi sanwó fún. Èmi àti ọkọ mi la jọ máa débẹ̀, lórí ìjókòó kan náà. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ bá mi gbé tíì wá."

Ọkọ mi ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó síbẹ̀," ó ní.

Ohùn tó fi sọ ọ́ mú ìbínú kúrò nínú mi. Mo ní kó máa bọ̀, pé kò le.

Wọ́n gbé àpótí síwájú. Ọkọ mi wọlé, ó jókòó sí etí ìjókòó bí ẹni tó ń dúró de máníjà báńkì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń wá búréèkì. Mo mú ọwọ́ rẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ náà le níbi tó fi ń di ìdarí ọkọ̀ mú.

Láti géètì ẹ̀yìn dé iwájú kò jìnnà, ẹ̀gbẹ́ ọgbà náà lásán la yí po. Ọkọ mi ò wo títì. Èmi ló ń wò. Kí ó tó sún mọ́ mi tán, a ti dé, ọkùnrin kan tó wọ yunifọ́ọ̀mù sì ti na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn ọ̀dọ̀ wa.

Ọkọ mi fi ìka kan gbá ẹ̀yìn ìjókòó awakọ̀ pẹ́pẹ́.

"Ọmọ mi, tún yí i po lẹ́ẹ̀kan sí i."

Obìnrin náà wò ó nínú dígí, ó rán an létí pé epo máa jó.

"Jẹ́ kó jó," ọkọ mi ní. "Rọra máa wà á."