Lẹ́tà Tí Kò Kí Ni

Ọláyídé ti fa wáyà yọ lára ògiri kí n tó wọlé, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà náà kò kú. Bátìrì gbé e dúró. Àwọn àwòrán inú rẹ̀ ń di funfun lójú wa, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, bí ìgbà tí ikán bá ń jẹ páálí. Ó tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi ṣókùnkùn.

"Bàbá," ó ní, "kí lẹ fi ránṣẹ́ sí mi?"

Mi ò fi nǹkan kan ránṣẹ́. Ìyá rẹ̀ ló kú lọ́jọ́ Ajé, a ó sì sin ín lọ́jọ́ Sátidé. Èmi àti bàbá rẹ̀ jọ ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìwakùsà ní Bukuru. Láti ìgbà tí ìyẹn ti kú, èmi ló ń pè ní bàbá. Àwọn àwòrán àtijọ́ ìyá náà ti jóná pẹ̀lú ilé wọn nígbà rògbòdìyàn. Èyí tó yà lẹ́yìn náà, inú kọ̀ǹpútà yìí nìkan ló wà. Mo ṣèlérí pé n ó wá ọ̀kan lọ́dọ̀ mi tí a ó lò níbi ìsìnkú. Mo tú àpótí, mi ò rí. Mo wá láti ilé mi ní Rantya láti sọ fún un ni.

Ó fi fóònù rẹ̀ hàn mí. Ímeèlì náà wà níbẹ̀, orúkọ mi lókè rẹ̀: Dúrótoyè. Gbólóhùn kan péré ló tẹ̀ lé e, pé kó ṣí àwòrán yìí kíákíá. Kì í ṣe àwòrán. Fáírọ́ọ̀sì ni.

"Kò kí ẹ," mo ní.

"Mo rí i, sà. Mo ní bóyá mo ti ṣẹ̀ yín. Ìdí nìyẹn tí mo fi yára ṣí i."

Àgbà tó bá kọ̀wé sí ọmọ láìkí i, inú ń bí i ni. Ọmọ tí a kọ́ kì í bi í bóyá òun ló kọ ọ́. Ojú ọ̀nà ẹ̀kọ́ ilé ni nǹkan yìí gbà wọlé. Itọ́ kún mi lẹ́nu. Mo jáde lọ tu ú.

A gbé kọ̀ǹpútà náà lọ bá Taofeeq, ọmọ Ìlọrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Angwan Rukuba. Ó tú ẹ̀yìn ímeèlì náà wò.

"Bàbá, wallahi, kì í ṣe ẹ̀yin. Tí fáírọ́ọ̀sì yìí bá ti wọ kọ̀ǹpútà ẹnì kan, yóò jí orúkọ àwọn tí onítọ̀hún mọ̀, yóò gbé e wọ̀ bí ẹ̀wù. Ibi tó ti jáde nìyí."

Orúkọ Dávídì ni, akọ̀wé ìjọ wa.

A bá a nílé, ó ń jẹ àgbàdo sísun. Kò dìde.

"Kọ̀ǹpútà mi ti ń ṣe ségesège láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá," ó ní. "Mo rò pé yóò lọ fúnra rẹ̀."

"O kò sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Kí n sọ kí ni, sà? Àwọn kan pè mí pé Bàbá Dúrótoyè ń fi ìdọ̀tí ránṣẹ́. Mo ní kí wọ́n má bínú, pé ọjọ́ ogbó ni." Ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ mọ̀," Ọláyídé ní. "Ẹ mọ̀, ẹ wá jókòó ti àgbàdo. Gbogbo fọ́tò ìyá mi ti lọ."

"Haba, Ọláyídé. Ṣebí fọ́tò lásán ni."

Mo wo èèpo àgbàdo tó lẹ̀ mọ́ eyín rẹ̀. Mo ti rí kòtò ìwakùsà tí ajá kú sí, kò rí mi lára tó báyìí. Ẹni tó ṣe fáírọ́ọ̀sì, mi ò mọ̀ ọ́n. Èyí, ife kan náà la fi ń mu wáìnì níbi Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa.

"Pè wọ́n," mo ní. "Sọ fún wọn pé ọ̀dọ̀ rẹ ló ti jáde."

"Tó bá di ọjọ́ Àìkú, sà—"

"Nísinsìnyí."

Ó lá ìka rẹ̀, ó mú fóònù. A dúró tì í títí ó fi pè wọ́n tán.

Taofeeq gbìyànjú títí di ọjọ́ Ẹtì. Kò rí nǹkan kan gbà padà. Àwòrán ìyá Ọláyídé kan ṣoṣo tó kù ni èyí tó wà lára káàdì ìdìbò ìyá náà.