Ẹni Tí Wọ́n Ti Sin Lẹ́ẹ̀kan Rí

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan nínú òjò ọdún tó kọjá, bàbá àgbà mi, Adéjìmí Bámilóyè, jáde nílé wa ní Abúlé Òkúta nílùú Èkó, a ò sì tún fojú kàn wọ́n mọ́. Wọ́n ti lé ní ọdún márùndínlọ́gọ́rin. Ológun ni wọ́n nígbà èwe wọn, gbogbo àdúgbò ló sì ń pè wọ́n ní Bàbá Ṣọ́jà, títí kan àwọn ọmọ tí kò mọ̀ pé ogun abẹ́lé kankan jà rí nílẹ̀ yìí.

Àwọn ló tọ́ mi dàgbà, àwọn àti ìyàwó wọn, Màmá Oyèbísí. Ọmọ ọdún márùn-ún ni mí nígbà tí ìyá tó bí mi kú. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìsìnkú tí irun orí mi fi lọ́ mọ́ra bí òwú tí adìyẹ tú ká, nítorí aromọléegun ti mú ìka ọwọ́ Màmá, wọn ò lè dirun. Onígbàjámọ̀ ni Bàbá lẹ́yìn tí wọ́n fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀. Abẹ́ páànù kan lẹ́bàá títì ni ìsọ̀ wọn, orí ọkùnrin ni wọ́n sì mọ̀ ọ́n tọ́jú. Wọ́n ti ìsọ̀ wọn lọ́jọ́ kan, wọ́n lọ jókòó lọ́dọ̀ obìnrin onídìrí tó wà ní ìkóríta àdúgbò wa, wọ́n ń wo ọwọ́ rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Àwọn èèyàn fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùkú àkọ́kọ́ tí Bàbá dì fún mi wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ilé tí àgbàrá ti jẹ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn ò jáwọ́. Nígbà tí mo fi máa dé kíláàsì kẹta, àwọn ọ̀rẹ́ mi ti ń bi mí pé ta ló ń bá mi dirun. Àárín ẹsẹ̀ Bàbá ni mo máa ń jókòó sí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú gbogbo, títí mo fi jáde ilé ẹ̀kọ́ girama.

Bí wọ́n ṣe jẹ́ sí mi náà ni wọ́n jẹ́ sí ìyàwó wọn. Àwọn ni wọ́n ń fọ aṣọ Màmá, tí wọ́n ń sá a síta lójú gbogbo ayé. Lásìkò òtútù, wọ́n á yọ́ òrí sínú abọ́ kékeré, wọ́n á sì máa fi ra ìka Màmá lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bàbá kì í sọ̀rọ̀ ogun. Ẹnu Màmá ni mo ti gbọ́ ọ. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí Bàbá sí, nínú ilé onítẹ̀bọmi, wọn ò sì tíì pé ogún ọdún tí wọ́n fi wọṣẹ́ ológun. Lọ́rí ni wọ́n ń wà, èyí tó ń kó àwọn tó fara gbọgbẹ́ kúrò lójú ìjà. Bí ogun ṣe ń lọ, ẹnìkan wá sí Ògbómọ̀ṣọ́, ó ní bọ́ǹbù ti ba lọ́rí Adéjìmí, kò sẹ́ni tó yè é. Bàbá tó bí wọn kó àwọn ará ìjọ jọ. Wọ́n di aṣọ ilé ìwé ọmọ náà, wọ́n sì sin ín sẹ́yìnkùlé nígbà tí kò sí òkú tí wọ́n máa sin. Àwọn ọmọ kéékèèké ìjọ ló kọrin lọ́jọ́ náà. Oyèbísí wà lára wọn. Kò mọ Adéjìmí rí, orin ni wọ́n kọ́ ọ, ó sì kọ ọ́.

Nígbà tí ogun parí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tiro wọ inú agbo ilé ní ọ̀sán gangan. Àwọn àbúrò rẹ̀ sá. Àkúdàáyà ni wọ́n pè é. Ìyá rẹ̀ kò sá, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kàn án títí ó fi gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, tí ó sì rí i tó jẹ ẹ́ tán. Ìgbà náà ló tó bú sẹ́kún. Láti ojú ogun ni ẹsẹ̀ òsì Bàbá ti ń dùn wọ́n, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti fi ọ̀rẹ́ kan tó ń jẹ́ Ògúnmọ́lá sílẹ̀ lẹ́bàá Odò Ọya. Ọkọ̀ ojú omi kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù, ó sì ti kún. Ògúnmọ́lá ní kí Bàbá sọdá ná, kí wọ́n padà wá mú òun. Ohun tí Màmá mọ̀ kò ju ìyẹn lọ.

Nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni ìgbàgbé bẹ̀rẹ̀. Bàbá á gẹ apá kan orí èèyàn, wọ́n á sì máa kó irinṣẹ́ wọn nílẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ń pe ọmọkùnrin wọn àgbà, Bọ́dúndé, ní Ògúnmọ́lá. Dókítà sọ fún wa pé kò sí oògùn tó lè dá ọpọlọ wọn padà bó ṣe wà, pé kí a kàn máa ṣọ́ wọn. A ṣọ́ wọn. Màmá gbé kọ́kọ́rọ́ géètì sí ìdí aṣọ wọn. Bí ara Bàbá bá ti ń gbóná láti jáde, èmi á tú irun mi, màá sì jókòó síwájú wọn. Wọn ò mọ orúkọ mi mọ́ nígbà náà, ṣùgbọ́n wọ́n á fi ọwọ́ ya irun náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ara wọn á sì rọlẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ tí mò ń wí yìí, mo ti lọ síbi iṣẹ́ ní Ṣómólú, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé. Màmá fi ògì àti mọ́ínmọ́ín síwájú Bàbá, wọ́n wọ ilé ìdáná lọ mú ṣúgà. Àárọ̀ náà ni ayálégbé ẹ̀yìn wa ṣí géètì fún ẹni tó ń ti omi wá. Nígbà tí Màmá fi máa jáde, àga ti ṣófo. Ògì náà ṣì ń rú èéfín.

Kàsúmù, aládùúgbò wa tó ń wa kẹ̀kẹ́ Màrúwá, ló gbé mi káàkiri. A lọ sí Ladi-Lak, a lọ sí Onípàn-ún. Obìnrin kan ní Palmgrove ní òun rí bàbá arúgbó kan lábẹ́ afárá ẹlẹ́sẹ̀, a sáré débẹ̀, ẹlòmíràn ni. A fi tó ọlọ́pàá létí. Níní, ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́, tẹ pósítà tí a lẹ̀ mọ́ ara ògiri àti òpó iná. Bọ̀dá Bọ́dúndé ló ń lọ sí àwọn ilé tí wọ́n ń kó òkú sí. Ọjọ́ tó bá ti lọ, kì í jẹun.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Kàsúmù gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu àwọn apẹja tó wà ní etí ọ̀sà ní Ìlàjẹ. Màmá ní àwọn máa bá wa lọ, kò sẹ́ni tó lè dá wọn dúró. Ọkùnrin apẹja náà ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe nígbà tí a débẹ̀. Ó dìde, ó kí Màmá, ó wá sọ ohun tó rí. Ó ní bàbá kan tó wọ kaki wá bá òun láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, ó ń bẹ òun pé kí òun fi ọkọ̀ òun gbé e sọdá. Bàbá náà ní àwọn èèyàn òun wà lódì kejì, wọ́n ti pẹ́ jù níbẹ̀. Apẹja ní kí bàbá jókòó sórí pákó kan, kí òun kó ẹja òun bọ́ sílẹ̀ ná. Nígbà tí òun fi máa yíjú padà, òun kò rí i mọ́. Òun rò pé ó ti padà sílé ni.

Màmá gbọ́ ọ tán. Wọ́n bi í pé, "Ṣé bàtà wà lẹ́sẹ̀ wọn?"

Ọkùnrin náà ronú. "Ẹsẹ̀ kan ni, Ìyá. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló ní bàtà."

"Èwo?"

"Ọ̀tún."

Màmá mi orí. "Ẹsẹ̀ òsì ló ń dùn wọ́n," wọ́n sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Àwọn apẹja bá wa fi ọkọ̀ wá inú ọ̀sà fún ọjọ́ mélòó kan. Wọn ò rí nǹkan kan. Omi náà dúdú, ó kún fún ọ̀rá àti igi, ibi tí ẹnìkan bá wọ̀ ọ́ kọ́ ló ti máa ń jáde. A ò rí bàtà, a ò rí aṣọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹnìkan tó rí pósítà wa pè láti Ìbàdàn. Ó ní bàbá kan tí kò mọ orúkọ ara rẹ̀ wà lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì àwọn. Inú Màmá dùn lọ́jọ́ náà, wọ́n wọ aṣọ tó dára, wọ́n di ẹ̀wù Bàbá kan dání. Nígbà tí a débẹ̀, bàbá ẹlòmíràn ni. Ó jókòó, ó ń wo ilẹ̀, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Màmá dúró síwájú rẹ̀ pẹ́. Wọ́n fi etí ìró wọn nù ún lẹ́nu, wọ́n fi ẹ̀wù náà wọ̀ ọ́, a sì padà sí Èkó.

Ó kù díẹ̀ kó pé ọdún kan nígbà tí Bọ̀dá Bọ́dúndé gbé ọ̀rọ̀ ìsìn ìrántí wá. Ó ti bá àwọn alàgbà ìjọ sọ ọ́, àwọn ológun àtijọ́ náà sì ti ń béèrè. Ó rọra sọ ọ́, ó dọ̀bálẹ̀ kó tó sọ ọ́. Màmá ní rárá.

"Mo ti kọrin òkú bàbá rẹ rí, Bọ́dúndé. Ọmọdé ni mí, mi ò mọ̀ wọ́n, mo sì kọ ọ́ dáadáa. Wọ́n padà wá, wọ́n sì fẹ́ mi. Báwo ni mo ṣe máa tún un kọ?"

Bọ̀dá Bọ́dúndé dorí kodò. "Màámi, nígbà yẹn, ọmọ ogún ọdún ni wọ́n."

Màmá wo ọwọ́ ara wọn, àwọn ìka tó ti wọ́, tí kò sẹ́ni tó ń fi òrí ra wọ́n mọ́. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n sọ fún mi pé kí n lọ tẹ ìwé ìsìn.

Níní ló jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Ó kọ orúkọ, ó kọ ọjọ́ ìbí, ó wá dúró. "Ọjọ́ ikú ńkọ́, Morọ́láyọ̀?" Mo ní kó kọ Ọjọ́bọ̀ náà. Nígbà tí mo rí i lójú kọ̀ǹpútà, mo ní kó pa á rẹ́. A fi àlàfo síbẹ̀, àlàfo náà sì burú ju ọjọ́ lọ. Ó dà bí ẹni pé a gbàgbé ni. Ọ̀gá wa ló wá sọ pé kí a kọ ọdún nìkan. Ọdún nìkan la kọ.

Ṣọ́ọ̀ṣì kún lọ́jọ́ náà. Àwọn tí Bàbá ti gẹ orí wọn láti kékeré wá pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn. Àwọn ológun àtijọ́ wọ fìlà aláwọ̀ ewé, ọ̀kan fọn fèrè, èémí rẹ̀ kò tó mọ́, fèrè náà ń já lójú ọ̀nà. Kò sí pósí níwájú, àwòrán Bàbá nìkan ni wọ́n gbé sórí tábìlì. Olùṣọ́ àgùntàn béèrè bóyá Màmá fẹ́ sọ̀rọ̀. A rò pé wọ́n máa kọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n dìde.

"Nígbà tí ọkọ mi fẹ́ fẹ́ mi," ni wọ́n wí, "wọ́n sọ fún mi pé kì í ṣe gbogbo ara àwọn ló ti ogun dé. Mo ní kò burú, èyí tó dé tó mi. Èyí tí kò dé, wọ́n ti sin ín sí Ògbómọ̀ṣọ́ tipẹ́. Èyí tó dé, tí mo bá gbé, n ò mọ ibi tó wà. Ẹ ṣé o."

Wọ́n jókòó. Àwọn akọrin bẹ̀rẹ̀ orin, gbogbo ìjọ gbè é. Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi. Màmá ò la ẹnu.

Lẹ́yìn ìsìn náà ni nǹkan kan kúrò lára wọn. Kí ìsìn tó wáyé, bí ajá bá gbó, wọ́n á yọjú. Bí ẹnìkan bá kan géètì, àwọn ni wọ́n máa kọ́kọ́ dìde. Gbogbo rẹ̀ dópin. Ilé ìdáná ò wù wọ́n wọ̀ mọ́. Ohun tí a bá gbé fún wọn ni wọ́n ń jẹ, wọn ò béèrè iyọ̀, wọn ò béèrè omi. Mo ti rò pé ìrètí tí wọ́n ń dì mú yẹn ló ń pa wọ́n lára. Àṣé òun ló gbé wọn ró.

Bọ̀dá Bọ́dúndé mú wọn lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́dọ̀ àbúrò wọn obìnrin. Onílé ti fi yàrá wa fún tọkọtaya kan, èmi sì gba yàrá kékeré ní Ṣómólú, nítòsí ibi iṣẹ́ mi. Ìsọ̀ Bàbá ti di ibi tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe. Nígbà míràn, tí mo bá rí ọkùnrin arúgbó tó ń tiro lọ níwájú mi, ẹsẹ̀ mi á yá kí n tó mọ̀. Màá kọjá rẹ̀, màá wojú rẹ̀, màá sì kí i.

Mo máa ń pe Màmá lọ́jọ́ Àìkú. Wọ́n á béèrè bóyá mo ti jẹun, èmi á béèrè nípa ìka ọwọ́ wọn. Wọ́n á sọ iye tí wọ́n ń ta iṣu lọ́jà Ògbómọ̀ṣọ́. A kì í dárúkọ Bàbá. Lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ á tán, a ó kàn máa gbọ́ èémí ara wa lórí fóònù, títí ọ̀kan nínú wa á fi sọ pé ó dàbọ̀.