Ilé Onítáyà Ẹ̀yìnkùlé

“Mo ti tẹ̀ ẹ́,” ni Bàbá wí láti orí àga awakọ̀. “Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa. Kí lo tún fẹ́ kí n ṣe, kí n dìde dúró lé e lórí?”

Ìyàwó ọmọ rẹ̀ wà lábẹ́ ilé onítáyà, ó fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí páálí, ó tẹjú mọ́ gílóòbù kékeré tó so mọ́ wáyà bíréèkì. Gílóòbù náà ṣú dùdù. Nígbà tí wọ́n dán an wò ṣáájú, ó tàn yòò. Nígbà tó ṣáájú ìyẹn, kò tàn. Irú àìsàn tó ń lọ tó ń bọ̀ báyìí ló máa ń da orí rẹ́wáyà rú jù, nítorí èyí tó bá kú pátápátá, èèyàn á rí òkú rẹ̀ gbé.

“Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò ná.”

Iṣẹ́ rẹ́wáyà ni obìnrin náà ń ṣe kó tó lọ́kọ. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ fa gbogbo iná inú ilé náà nígbà tí òun àti ọkọ rẹ̀ rà á ní àlòkù. Èrò wọn ni pé àwọn á máa fi ọkọ̀ fà á tẹ̀lé iṣẹ́ kiri. Ẹ̀yìnkùlé Bàbá ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e sí, ibẹ̀ náà ló sì jókòó sí títí koríko fi hù yí táyà rẹ̀ ká. Ọkọ ríṣẹ́ sí ìlú tó jìnnà, ó lọ. Ìyàwó àti ọmọbìnrin wọn kékeré kù sẹ́yìn. Ojú fèrèsé yàrá Bàbá ni wáyà iná wọn ti ń wá. Bí oorun bá ti ń kun Bàbá, á fa wáyà yọ, ilé onítáyà á ṣókùnkùn, ìbáà jẹ́ pé ìyàwó ń wẹ ọmọ lọ́wọ́. Bí àlejò bá wá kí i, Bàbá á wá kanlẹ̀kùn, á béèrè ẹni tó wà nínú ilé. Kì í lù ú, kì í bú u. Ó kàn ń ṣọ́ ọ ni, bí ẹni ń ṣọ́ ìkòkò tó wà lórí iná.

Ní báyìí, ibi iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ ti fún wọn ní ààyè tí wọ́n lè gbé ilé náà sí. Ọ̀la ló gbọ́dọ̀ débẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹlòmíràn tó ń dúró á gbà á. Kò sí ọkọ̀ tó lè fà á bí kò ṣe jíípù Bàbá, kò sì sí ẹni tó ń wa jíípù yẹn àfi Bàbá fúnra rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé obìnrin náà mọ ọkọ̀ wà. Torí ẹ̀ làwọn ará àdúgbò ṣe ń pe Bàbá ní Máfọwọ́kàn-án. Awakọ̀ akẹ́rù ni kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì ti fàṣẹ lélẹ̀: bí bíréèkì ilé onítáyà ò bá mú ní gbogbo ìgbà tí òun bá tẹ ti jíípù, òun ò ní fà á kúrò nílẹ̀. Obìnrin náà ò rí i bá jiyàn. Òkè wà lójú ọ̀nà, ọmọ rẹ̀ sì ni yóò wà nínú ọkọ̀.

Ó ti ha ìpẹtà kúrò lẹ́nu gbogbo wáyà tó so ilé mọ́ jíípù. Ó ti pààrọ̀ èyí tó ń gbé iná padà sára irin. Ó ti tú táyà méjèèjì, ó rí i pé irin olóòfà inú wọn, tí iná fi ń mú bíréèkì, ṣì ń fa súkúrú mọ́ra. Gbogbo rẹ̀ dá ṣáká. Bàbá ní láyé tàwọn, imú làwọn fi ń mọ wáyà tó jóná, àbí orí ìwé nìkan ni ìyàwó ti kọ́ṣẹ́ tirẹ̀? Obìnrin náà dá a lóhùn pé imú òun ò gbóòórùn nǹkan kan àfi tábà Bàbá. Bàbá rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó tún mójú le.

Ọkọ rẹ̀ pè. Ó ní ọ̀gá àwọn ti ń béèrè. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe sùúrù, kó má fún Bàbá lésì. Obìnrin náà ní òun ti gbọ́, ó pa fóònù.

Nígbà tó rá pálá jáde láti lọ mumi, ó dúró láàárín ilé àti jíípù, ó ní kí Bàbá tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Bàbá ní òun ti tẹ̀ ẹ́. Gílóòbù ò tàn. Àmọ́ iná pupa ẹ̀yìn jíípù fúnra rẹ̀ náà ò tàn.

Bí wáyà ilé onítáyà bá já sí wẹ́wẹ́, kò kan iná ẹ̀yìn jíípù. Ìyẹn gbọ́dọ̀ tàn bí ẹsẹ̀ bá ti kan bíréèkì. Láti àárọ̀ ló ti ń wá àìsàn kiri inú wáyà, nítorí ohun tí àgbà bá ní òun ti ṣe, ìyàwó ilé kì í lọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ó rìn lọ síbi ilẹ̀kùn awakọ̀. Bàbá ń wo iwájú, ó di sítiárìn mú, ojú rẹ̀ le bí ẹni tó ń wakọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sí lórí bíréèkì. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló wà, ó ń fi gbogbo agbára tẹ ilẹ̀ ọkọ̀. Bàtà ti yọ lẹ́sẹ̀ náà, ìka kan ti bó, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn lára.

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé Bàbá mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é ni, pé kò fẹ́ kí àwọn lọ. Inú bí i débi pé ojú rẹ̀ ń ṣú. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé spánà tútù ọwọ́ rẹ̀ lé ẹ̀yìn ẹsẹ̀ náà. Bàbá ò mira.

“Ṣé kí n gbé ẹsẹ̀ kúrò?” ni Bàbá béèrè.

“Bàbá, spánà ni mo gbé lé yín lẹ́sẹ̀ yẹn.”

Bàbá wolẹ̀. Ó wò ó pẹ́, bí ẹni ń wo nǹkan ẹlòmíràn.

“Ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀,” ló wí. “Bí òwú ló ń rí. Má sọ fún ọkọ rẹ.”

“Ẹsẹ̀ yìí lẹ fẹ́ fi wa èmi àti ọmọ?”

“Lọ́jọ́ mìíràn, ó máa ń gbọ́ràn.”

Obìnrin náà fọwọ́ tẹ bíréèkì. Iná ẹ̀yìn jíípù tàn, gílóòbù náà tàn. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tún tàn. Ilé lè lọ; awakọ̀ ni kò lè wà á. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

“Èmi ni mo máa wà á lọ́la,” ló sọ.

Ọmọ tí Bàbá bí nínú ara rẹ̀ kò sọ irú rẹ̀ rí. Ó dúró de ìbínú, kò rí i.

“Ta ni yóò wà á padà fún mi?” ni Bàbá béèrè jẹ́jẹ́.

Obìnrin náà fojú inú rí Bàbá nínú ilé ńlá yẹn lóun nìkan, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí kò mọ iná yàtọ̀ sí ilẹ̀. Ó tún rí yàrá tóóró inú ilé onítáyà, àti ikọ́ Bàbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ọmọ. Òmìnira tó ti ń rán bí aṣọ, kò tíì wọ̀ ọ́ rí tí ẹlòmíràn fi ń bá a pín in.

“Kò sẹ́ni tó máa wà á padà, Bàbá. Ẹ sún sí ọ̀hún.”

Bàbá fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹsẹ̀ náà, ó sún. Obìnrin náà wọlé, àga ṣì gbóná.

“Ẹ lọ di ẹrù yín,” ló ní. “Ẹ má kó púpọ̀, ilé náà ò fẹ̀. Bí a bá ti débẹ̀, dókítà la ó kọ́kọ́ rí.”

Ó fa àga síwájú títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi tó bíréèkì.