Bọ́tìnnì Inú Ọkọ̀ Agbẹ̀bí

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Mùílíù fi wa ọkọ̀ náà kí ó tó ṣẹ́ ẹ lọ́wọ́.

Ọkọ̀ Faransé àtijọ́ kan ni, tí ọ̀dà rẹ̀ ti ṣá. Ọkọ Màdáámù Julienne ló rà á; nígbà tí ọkùnrin náà kú, ọkọ̀ àti awakọ̀ ló fi sílẹ̀ fún opó rẹ̀. Agbẹ̀bí ni Màdáámù, ọmọ Àgùdà, kò sì sí àdúgbò kan ní Kútọnù tí kò tíì gbẹ̀bí níbẹ̀. Ọdún 1951 ni, Faransé ṣì ń pàṣẹ ní Dàhòmì, àwọn ọkọ̀ tuntun sì ti ń fi bọ́tìnnì ṣíná. Ti Màdáámù kò ní bọ́tìnnì. Iwájú rẹ̀ ni wọ́n ti máa ń ki irin kan tó tẹ̀ bọ̀ ọ́, tí wọn yóò máa fi agbára yí i títí ẹ́ńjìnnì yóò fi jí. Mànífẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń pe irin náà. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, nínú òjò, Mùílíù ló ń yí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ti pa ọkọ̀ náà mọ́jú, irin náà ta padà. Mùílíù gbọ́ ìró egungun rẹ̀ kí ó tó mọ ìrora. Nílé ìwòsàn, wọ́n fi aṣọ àti ẹfun tó ń le di ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, wọ́n ní kò gbọdọ̀ yí irin kankan mọ́ láé.

Nígbà tó délé, ó dùbúlẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni. Inú rẹ̀ dùn, ojú sì tì í pé inú òun dùn. Ó rò pé Màdáámù yóò ta ọkọ̀ náà, òun yóò padà sí Kétu, òun yóò jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá òun, ẹnikẹ́ni kò sì ní pe òun mọ́.

Ṣùgbọ́n Màdáámù kò tà á. "Bàbá Rasidat," ó sọ fún Mùílíù, "a ó fi bọ́tìnnì sí i. Ìyà tó jẹ ọwọ́ yín ti tó."

Ó ránṣẹ́ pe Adéníjì, mẹkáníìkì ará Abẹ́òkúta tó ní ìsọ̀ ní àdúgbò Gbégamey. Adéníjì wọ abẹ́ ọkọ̀, ó pẹ́ níbẹ̀, ó sì jáde, ó ń nu ọwọ́.

"Àgbá irin ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì yìí ní eyín yíká," ó ní. "Àwọn tó ṣe é ti fi àyè sílẹ̀. Bátìrì kò ṣòro. Ohun tó kù ni ẹ́ńjìnnì kékeré tó ń lo iná bátìrì. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì, òun ni yóò gbá eyín yìí mú, tí yóò sì yí i. Tí a bá ní kó ti ilẹ̀ Faransé wá, oṣù márùn-ún. Àfi tí ẹ bá mọ ibi tí irú ọkọ̀ yìí kú sí."

Màdáámù yíjú sí Mùílíù. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ gbogbo ọkọ̀ ìlú yìí, ẹ ò mọ̀kan?"

Mùílíù mọ̀kan. Lẹ́yìn ilé ìkẹ́rùsí kan nítòsí wáàfù tí ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí, ọkọ̀ akẹ́rù kan, ti oníṣòwò kan tí ń jẹ́ Ọláolú, ti wà lórí òkúta láti ọdún méjì. Ibi tí wọ́n ti ṣe ti Màdáámù ni wọ́n ti ṣe é. Mùílíù ti fojú ara rẹ̀ rí ẹ́ńjìnnì kékeré náà lára rẹ̀.

"Mi ò mọ̀kankan, Màdáámù," ló wí.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ lẹ́tà sí ilẹ̀ Faransé. Kò sí ẹni tó gbà láti yí irin tó ṣẹ́ Mùílíù lọ́wọ́, Màdáámù sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn kiri iṣẹ́. Mùílíù ń tẹ̀ lé e, ó ń fi ọwọ́ òsì gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, Casimir tó ń ṣe káfíńtà lódìkejì ọ̀sà sáré wọlé. "Ẹ̀jẹ̀ ń dà lára ìyàwó mi, Zoé! Ọmọ kò sì tíì wá!"

Màdáámù wá ọkọ̀ yá ládùúgbò, kò rí. Wọ́n rìn. Iyanrìn ń jó wọn lẹ́sẹ̀. Lórí afárá, Màdáámù dúró lẹ́ẹ̀mejì, ó fọwọ́ di ìbàdí mú, ó tún ń lọ.

Zoé yè. Ọmọ náà, obìnrin ni, kò yè.

Màdáámù wẹ̀ ẹ́, ó fi aṣọ dì í, ó gbé e fún bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó jáde, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mùílíù.

"Mo gbọ́ ọkàn rẹ̀," ó ní. "Nígbà tí mo gbé etí lé ikùn ìyá rẹ̀, mo gbọ́ ọkàn rẹ̀. Ká ní a tètè dé..."

Mùílíù kò lè wo ojú rẹ̀.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ dáadáa tí Mùílíù fi dé ìsọ̀ Adéníjì. "Mo mọ ibi tí ẹ́ńjìnnì kékeré wà."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́."

Adéníjì bẹ̀rẹ̀ mú àpò irinṣẹ́ rẹ̀. Ọláolú ní kí wọ́n tú ohun tí wọ́n bá fẹ́ tú.

Ọjọ́ mẹ́ta ni iṣẹ́ náà gbà. Adéníjì gbé bátìrì sábẹ́ ìjókòó, ó lu ihò síwájú ibi ìwakọ̀, ó fi bọ́tìnnì dúdú kan sí i. Nígbà tó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, ẹ́ńjìnnì kékeré náà ń ké, ó ń dá yí lásán. Eyín rẹ̀ kò kan ti àgbá. Ó tú u, ó fi ayùn irin ha ìdí rẹ̀, ó dá a padà. Ó tún tẹ̀ ẹ́, eyín há mọ́ eyín. Ó tún tú u. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, ọkọ̀ náà húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì jí. Kò sẹ́ni tó pariwo ayọ̀. Adéníjì kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó kí wọn pé ó dàárọ̀, ó lọ.

"Màdáámù," Mùílíù sọ, bí ẹ́ńjìnnì ti ń dún, "mo mọ ibi tí ẹ́ńjìnnì kékeré yìí wà láti ọjọ́ tí ẹ ti bi mí."

Ọwọ́ Màdáámù wà lára ilẹ̀kùn ọkọ̀. Kò gbé e kúrò. "Kí ló dé?"

"Ó rẹ̀ mí."

"Ó rẹ èmi náà, Bàbá Rasidat. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú ló ti rẹ̀ mí. Mo sì ń lọ."

"Mo máa kúrò lọ́dọ̀ yín, Màdáámù."

"Ta ni yóò wá wà mí?" Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó wọlé. "Ẹ wà mí dé ilé Casimir. Ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ óò sọ fún un. Èmi ò lè bá yín gbé e."

Wọ́n bá Casimir lẹ́nu iṣẹ́, ó ń fá pákó. Mùílíù dúró níwájú rẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ọwọ́ rẹ̀ tó kán ṣe àwáwí. Casimir gbọ́ ọ dópin.

"Ṣé ọkọ̀ yẹn ti ń ṣiṣẹ́ báyìí?" ló bi í.

"Ó ń ṣiṣẹ́."

Casimir mi orí, ó padà sídìí pákó rẹ̀. Kò kí Mùílíù mọ́ láti ọjọ́ náà, ibikíbi tí wọ́n bá ti pàdé.

Mùílíù tún wa ọkọ̀ fún ọdún méjì sí i kí ó tó lọ sí Kétu. Màdáámù kò dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí Mùílíù tẹ bọ́tìnnì náà lẹ́ẹ̀kan rí. Bí wọ́n bá ti jókòó tán, obìnrin náà yóò na ọwọ́ kọjá níwájú rẹ̀, yóò fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, yóò sì dijú fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Bóyá ìyà ni, bóyá ó kàn wù ú bẹ́ẹ̀ ni, Mùílíù kò bi í. Ọkọ̀ yóò jí, Mùílíù yóò sì wà á lọ síbi tí wọ́n ti ń pè wọ́n.