Àyè Tó Wà Lórúkọ Stella

"Ibẹ̀ yẹn ni kó o kúnlẹ̀ sí. Má kọjá ẹnu ọ̀nà mi."

Ìyá Stella kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó gbé èkùrọ́ kan lé orí òkúta, ó pa á, ó ju ọmọ inú rẹ̀ sínú igbá. Hàfúsátù ti kúnlẹ̀ kí ìyá náà tó sọ̀rọ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà."

"Ọmọ Bùràímọ̀ ará Ìlobù. Bàbá rẹ gé ọ̀pẹ mẹ́rin lóko ọkọ mi, ó ní orí ilẹ̀ òun ló wà. Ṣé ìkarùn-ún nìwọ wá gé?"

"Rárá, mà. Stella ni mo wá rí."

"Ó wà nínú ilé. Má pẹ́ níbẹ̀."

Hàfúsátù dìde, ó gbọn erùpẹ̀ orókùn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó gbé e wá kò ṣòro. Òun àti Stella jọ ṣe ìdánwò kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ obìnrin lọ́dún 1956 yìí. Wọ́n mú Stella. Wọ́n kọ̀wé sí Hàfúsátù pé òun ló ṣíwájú àwọn tí yóò máa dúró de àyè: bí ẹnì kan nínú àwọn tí wọ́n mú bá kọ̀wé pé òun kò wá, wọn yóò pè é. Oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni wọn yóò wọlé. Stella ti lóyún oṣù márùn-ún, kọ́lẹ́ẹ̀jì náà kì í sì í gba aboyún, síbẹ̀ kò kọ̀wé. Àyè náà wà nílẹ̀ bí oko tí olóko kò ro, tí kò sì jẹ́ kí ẹlòmíì ro ó. Bàbá Hàfúsátù sì ti sọ tirẹ̀: kò sí ìdánwò kejì. Bí ìpè kò bá dé, garawa epo ni yóò máa rù lọ sí Òṣogbo.

Stella jókòó sórí àpótí páànù tí wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ rẹ̀ sí. Kò ní kí Hàfúsátù jókòó.

"Mo mọ ohun tó o bá wá."

"Kọ̀wé sí wọn, nígbà náà."

"Kí ìwọ lè jókòó sórí àga mi?"

"Ìwọ ò lè jókòó sórí ẹ̀ mọ́. Kí ló dé tó máa fi ṣòfò?"

Stella rẹ́rìn-ín. "Nílé ìwé, ìwọ lo máa ń ṣa àfọ́kù ṣọ́ọ̀kì nílẹ̀ lẹ́yìn gbogbo èèyàn. O ò tíì jáwọ́."

Hàfúsátù yọ ìwé tó ti kọ sílẹ̀ láti ilé lórúkọ Stella; ìbuwọ́lù nìkan ló kù. Stella kà á, ó ya á sí méjì.

"Èmi náà mọ ìwé kọ."

Ó fa bébà tirẹ̀ yọ, ó kọ ọ́ kíákíá, ó buwọ́ lù ú. Ṣùgbọ́n nígbà tí Hàfúsátù nawọ́, kò fi í sílẹ̀.

"Ìyá mi rò pé kọ́lẹ́ẹ̀jì máa dúró dè mí títí n ó fi bímọ. Èmi ni mo pa irọ́ yẹn fún wọn. Aṣọ ilé ìwé ni wọ́n ń torí ẹ̀ pa èkùrọ́ níta yẹn. N ò lè sọ ọ́ fún wọn. Lọ kà á fún wọn."

"Èmi? Wọ́n á ya á mọ́ mi lọ́wọ́!"

"Bí wọ́n bá ya á, n ò ní kọ òmíràn." Stella fi ìwé náà sílẹ̀ fún un.

Hàfúsátù tún kúnlẹ̀ síbi tó ti kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó ka ìwé náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, gbólóhùn mẹ́ta péré.

Ìyá Stella ní, "Kí ló wí? Ṣé ó ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dúró dè é ni?"

Òkúta wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, mà" kan ṣoṣo, Hàfúsátù ìbá ti dé Ìlobù pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Ó wo igbá èkùrọ́ náà. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún.

"Rárá, mà. Ó ní òun ò wá mọ́. Ó ní kí wọ́n fi àyè òun fún ẹlòmíì."

"Ta ni ẹlòmíì?"

"Èmi ni, mà."

Ìyá Stella gbé òkúta sílẹ̀. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró, ó gba ìwé náà, ó dì í mú lódìlódì.

"Níbo ni orúkọ ọmọ mi wà?"

Hàfúsátù yí ìwé náà padà, ó nàka sí ibẹ̀. Ìyá wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó nà án padà sí i.

"Gba ẹ̀yìnkùlé lọ. N ò fẹ́ kí ará àdúgbò rí ẹ̀rín lẹ́nu rẹ."

"N ò rẹ́rìn-ín, mà."

"O máa rín in tó o bá dé títì."

Hàfúsátù gba ẹ̀yìnkùlé. Kò dúpẹ́, kò sẹ́ni tó fẹ́ ọpẹ́ rẹ̀ nínú ilé náà. Ó ti kọjá ilé kẹta kí ó tó gbọ́ tí òkúta tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún lẹ́yìn rẹ̀, èkùrọ́ kan tẹ̀lé òmíràn. Ó dé títì. Ẹ̀rín náà kò wá. Ó yára ẹsẹ̀, kí wọ́n má baà ti ilé ìfìwéránṣẹ́ mọ́ ọn.