Human Nínú Fìríìsà Ẹja

Dúdú. Ó ṣì dúdú. Ìṣẹ́jú kejì rèé, ẹ̀kán omi tí mo kán sórí àwo funfun yìí dúdú bí aró... Oyèṣọlá, fara balẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì péré. Ta ló ń jẹun tán ní ìṣẹ́jú méjì?

Èmi ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi là ń sọ.

Ẹ́ńsáìmù yìí là ń sọ — omi bíńtín nínú ìgò tí kò tó ọmọńdinrín ọwọ́ mi, tí a fi oṣù mẹ́ta retí láti òkè òkun. Tó bá ṣì wà láàyè, yóò jẹ sítáàṣì iṣu inú túùbù yìí, yóò sọ ọ́ di ṣúgà, áyódíìnì tí mo ń kán mọ́ ọn kò sì ní rí ohun tí yóò sọ di dúdú mọ́. Tó bá ti kú... Ohùn Nojeem, ọ̀gá mi ní láàbù, kò kúrò létí mi láti àárọ̀: "Ṣọlá, ẹyọ kan yẹn la ní o. Tó bá ti spoil, project ẹ ti parí nìyẹn." Jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́. Ì bá tiẹ̀ pariwo.

Ẹ̀kán kẹta. Dúdú.

Ta ní kí n gbé e lọ síbẹ̀? Iná lọ ní Ìkòsì lánàá, jẹnẹrétọ̀ láàbù kọ̀, ìgò yìí ò sì gbọdọ̀ gbóná, mo sáré kọjá títì lọ bá Mummy Aliyah tó ń ta ẹja, tí yìnyín fìríìsà wọn le bí òkúta. "Mummy, ẹ bá mi tọ́jú oògùn kékeré yìí." Oògùn! Irọ́ pátápátá. Mo rò pé òtítọ́ ò ní yé wọn. Àfi bí Aliyah, ọmọ wọn, ṣe ń wá páńlá fún oníbàárà láàárọ̀ yìí, tó gbé ìgò mi, tó ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ sókè: "Recombinant... human..." Ìyá rẹ̀ ò jẹ́ kó kà á débì kankan mọ́.

"Aúsùbílláhì! Human kẹ̀? Nínú fìríìsà mi? Ẹja lèmi ń tà o, Aunty Láàbù, mi ò ta èèyàn!"

Mi ò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín, túùbù wà lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n iyọ̀ yẹn... Wọ́n gbé ìgò náà sórí bẹ́ǹṣì nínú oòrùn, ó lò tó wákàtí kan níbẹ̀ kí n tó dé, wọ́n sì wọ́n iyọ̀ yí i ká! Bẹ́ẹ̀ ẹ́ńsáìmù yìí gan-an kì í ṣiṣẹ́ dáadáa láìsí iyọ̀. Wọ́n rò pé àwọn ń fi iyọ̀ lé ohun burúkú inú rẹ̀ ni, wọ́n ń ṣe é lálejò.

Ẹ̀kán kẹrin — dúró ná. Àbí ojú mi ni? Ó pọ́n. Ó pọ́n rúsúrúsú létí. Èyí tí mi ò fi ẹ́ńsáìmù sí nìyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó dúdú kirikiri, ṣùgbọ́n èyí... Ìkarùn-ún. Pupa ni! Ìkẹfà, ó ti ń ṣí bí omi tíì. Ìkeje — áyódíìnì lásán, yẹ́lò fẹ́ẹ́rẹ́.

Ó ń jẹun! Ó wà láàyè! Inú mi dùn, inú mi dùn dé àtẹ́lẹsẹ̀. Mò ń jó. Ẹsẹ̀ nìkan ni, ọwọ́ ò gbọdọ̀ mì.

Kí n pe Nojeem... Kí ló dé tí kì í ṣe Nojeem ló wá sí mi lọ́kàn? Ojú Mummy Aliyah ni mò ń rí. Wọn ò bínú sí mi. Ẹ̀rù mi ló bà wọ́n. Ogún síláìdì ni mo fi ṣàlàyé ìgò yìí fún ọ̀jọ̀gbọ́n méjì, àmọ́ obìnrin tó fún mi láyè láàárín ọjà tó fi ń jẹun, irọ́ ni mo fún un. Mo ní kò ní yé wọn. Kò ní yé wọn, àbí... àbí èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n sọ?

Ó yá, sọ ọ́. Mummy, wọn ò gé ẹnikẹ́ni lára. Tí ẹ bá rún iṣu pẹ́ lẹ́nu, ṣé ó máa ń dùn díẹ̀díẹ̀? Itọ́ yín ló ń ṣe é. Ohun kan wà nínú itọ́ èèyàn — òun ni wọ́n kọ́ sẹ́ẹ̀lì láti máa ṣe, tí wọ́n rọ sínú ìgò, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ human sí i.

Ó tán. Ó tán náà nìyẹn?

Ó mà rọrùn o! Gbogbo ọdún tí mo ti ń kàwé, èmi gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe.