Àtíbàbà Mọ́tò ní Pákátà

Nígbà tí Àbdùlgàníyù gbé mọ́tò akẹ́rù wọ agboolé wọn ní Pákátà, àwọn àgbà tó jókòó sórí ẹní dìde dúró bí ẹni pé àlejò pàtàkì ló dé. Ìjọba òyìnbó ò tíì pẹ́ púpọ̀ ní Ìlọrin nígbà náà. Ọkọ̀ ojú irin ti mọ́ aráàlú lójú, ṣùgbọ́n mọ́tò ṣì jẹ́ ohun tí ọmọdé máa ń sáré tẹ̀lé títí eruku yóò fi bò wọ́n. Gàníyù, bí gbogbo ilé ṣe ń pè é, ti lọ kọ́ ọkọ̀ wíwà ní Kàdúná, ó sì sìn níbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta lọ́dọ̀ òyìnbó kan tó ń la ọ̀nà, kó tó lè ra ọkọ̀ àlòkù yìí. Irin ni iwájú rẹ̀, pákó ni ẹ̀yìn rẹ̀ látòkè délẹ̀. Iṣu àti ọkà bàbà ni yóò máa fi kó láti Òkè-Oyì wá sí ìdíkọ̀ rélùwéè.

Sàfúrátù, ìyàwó rẹ̀, bu omi tútù sílẹ̀ níwájú ọkọ̀ náà, ó ní kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí i. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni. Òwú ló ń ran, ó sì lè ran òwú láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ láìbá ẹnikẹ́ni sọ ju gbólóhùn mélòó kan lọ.

Abẹ́ igi ọ̀dán tó wà lẹ́nu ọ̀nà agboolé ni mọ́tò kọ́kọ́ ń sùn. Ibòòji ibẹ̀ tutù, Gàníyù sì rò pé ọ̀ràn ti bùṣe. Kò pẹ́ tó fi rí i pé igi tó dára fún àgbàlagbà tó fẹ́ na ẹ̀yìn kò fi bẹ́ẹ̀ dára fún ọkọ̀. Ẹyẹ ń yàgbẹ́ sí i lórí, oje igi ń kán sí gíláàsì, èso ọ̀dán ń jẹrà sórí pákó. Bí ọ̀sán bá pọ́n, oòrùn á yí, á sì máa jó táyà apá kan títí ara rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í sán wẹ́wẹ́ bí àtẹ́lẹsẹ̀ àgbẹ̀. Nígbà tí òjò dé, pákó ẹ̀yìn mu omi yó, ó wú, ilẹ̀kùn rẹ̀ kò pa dé mọ́. Lẹ́yìn náà ni ìjì kan jà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, tí ẹ̀ka ọ̀dán ya, tó sì wó lé iwájú ọkọ̀. Iná ojú rẹ̀ kan fọ́ yángá.

Gàníyù dúró tì í nínú ẹrẹ̀, ó ń fi ọwọ́ ra á lára bí ẹni ń fọwọ́ ra ẹṣin tó fara pa.

"Ẹ ṣe sùúrù, ọkọ mi," Sàfúrátù wí lẹ́yìn rẹ̀. "Ohun tó ṣeé tún ṣe ni."

Ní ọjọ́ kejì, Gàníyù ránṣẹ́ pe Ajíbọ́lá káfíńtà pé kó wá kọ́ àtíbàbà fún ọkọ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni Ajíbọ́lá, onígbàgbọ́ tó bá àwọn rélùwéè dé Ìlọrin, tí ìlú náà sì wù ú débi tí kò padà sílé mọ́. Ó yí mọ́tò náà po, ó ń mi orí.

"Koríko bẹẹrẹ ni mo ní lọ́kàn fún òrùlé rẹ̀," Gàníyù sọ fún un. "Ó máa ń tutù, ó sì wà nílẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀."

"Ó máa ń tutù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí lò ń rọ sínú mọ́tò yìí? Ṣé omi ni? Bí ọyẹ́ bá dé, tí iná ta láti ìdí àdògán bọ́ sórí koríko, àtọkọ̀ àtilé ló máa bá a lọ."

"Kí n mọ yàrá fún un ńkọ́, kí n fi ilẹ̀kùn sí i?"

"Nínú òjò yìí? Ògiri rẹ ò ní gbẹ títí ọdún á fi yípo. Òórùn bẹntiróòlù á sì tún há mọ́bẹ̀." Ajíbọ́lá gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè, ó ya òrùlé sójú ọ̀run. "Páànù ni kí a lò. Òpó igi ayan tí ikán ò lè jẹ. Ká fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu kí atẹ́gùn máa gbabẹ̀ kọjá, ká dà á sẹ́yìn díẹ̀ kí omi lè máa ṣàn kúrò. Ibi tá a máa rì í mọ́ ló kù."

Àwọn méjèèjì bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibẹ̀. Iwájú ilé ni ọ̀nà tí ará àdúgbò ń gbà lọ sí mọ́ṣáláṣí, kò ṣeé dí. Ẹ̀bá kànga rọ̀ jù, táyà á rì. Ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná, iná ni. Ajíbọ́lá rìn títí ó fi dé igun ìwọ̀-oòrùn, lábẹ́ ògiri gíga tó yí agboolé ká. Ilẹ̀ ibẹ̀ ga díẹ̀, ó sì le. Ògiri yẹn ni ìjì máa ń kọ́kọ́ bá pàdé, kò sì sí igi kankan lórí ibẹ̀.

"Ibí ni!" Ajíbọ́lá kígbe. Ó ti ń na okùn ìwọnlẹ̀ rẹ̀. "Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ibi tó dáa báyìí sílẹ̀ lásán?"

"Jọ̀ọ́, kúrò níbẹ̀, ọ̀rẹ́ mi," Gàníyù wí. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ọmọ wa ló wà níbẹ̀."

Ajíbọ́lá wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ìgbà náà ló tó rí àwọn òkúta kéékèèké tí wọ́n tò yí ojú ilẹ̀ kan ká, ibi kékeré tí ẹní ọmọdé kan lè bò. Ó fà sẹ́yìn, ó ṣí fìlà.

Binta ni wọ́n sọ ọmọ náà. Oṣù kan péré lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ rẹ̀ ni Gàníyù lọ sí Kàdúná. Ọmọ náà rá, ó dìde, ó rìn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, bàbá rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ibà ló mú un nígbà òjò kan, nígbà tí ìròyìn yóò sì fi dé Kàdúná, wọ́n ti sin ín tipẹ́. Nígbà tí Gàníyù padà wálé, ìyá rẹ̀ àgbà ló mú un lọ́wọ́ dé igun náà, tó fi ibẹ̀ hàn án. Àtìgbà yẹn, òun àti Sàfúrátù ò tíì jọ sọ̀rọ̀ ọmọ náà rí.

"Má bínú," Ajíbọ́lá wí. "Ká kọ́ ọ sẹ́yìn agboolé, lẹ́bàá ọ̀nà. Ìjì á máa yọ ọ́ lẹ́nu níbẹ̀, àmọ́ a máa kan àwọn òpó yẹn jinlẹ̀." Bí wọ́n ṣe fi í sí nìyẹn.

Sàfúrátù gbé oúnjẹ síwájú ọkọ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ó sì jókòó sí tòsí, kò mú òwú dání.

"Mo rí káfíńtà lónìí," ó wí. "Ó dúró sí igun."

"Kò mọ̀ ni. Mo ti sọ fún un. Ẹ̀bá ọ̀nà la máa kọ́ ọ sí."

Sàfúrátù mi orí. "Ẹ jẹ́ kó kọ́ ọ sí igun yẹn."

Gàníyù dá òkèlè ọwọ́ rẹ̀ padà sínú àwo. "Nítorí irin lásán, Sàfúrátù? Kí ọkọ̀ jẹrà sójú títì ó tẹ́ mi lọ́rùn ju kí n fi táyà tẹ ibi tí ọmọ mi sùn sí."

"Mi ò ní kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Kì í sì í ṣe nítorí mọ́tò ni mo ṣe sọ ọ́." Ó ń fi ìka ká etí ìró rẹ̀. "Yàrá tí mo wà nígbà tẹ́ ẹ wà ní Kàdúná, òrùlé rẹ̀ ń jò. Bí òjò bá ti ṣú, màá gbé Binta sáyà, màá da ìró bò ó. Kò fẹ́ kí omi kan òun lójú rárá. Bí ẹ̀kán kan bá bọ́ sí i níwájú orí, á fajú ro, á máa wò mí bí ẹni pé èmi ni mo rọ òjò náà. Ọjọ́ tí wọ́n sin ín, òjò rọ̀ kílẹ̀ tó ṣú. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mò ń wò ó bó ṣe ń rọ̀ síbẹ̀, wọ́n sì dì mí mú kí n má lọ. Àtìgbà náà, òjò kan ò rọ̀ kí n má rántí. Mo mọ̀ pé òkú kì í mọ òtútù. Áàfáà ti ṣàlàyé ẹ̀ fún mi, mo sì gbà. Àyà mi ni ò gbà."

Gàníyù ti àwo sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní, "Kí ló dé tó ò sọ fún mi látọjọ́ yìí?"

"Ẹ ò béèrè rí. Mo rò pé ẹ ò fẹ́ gbọ́ ni."

"Ẹ̀rù ló ń bà mí, kí n má baà ṣí ọgbẹ́ rẹ."

"Kò jiná rí, ọkọ mi. Kí lẹ fẹ́ ṣí?"

Ó na ọwọ́ sí i, Sàfúrátù sì jókòó sún mọ́ ọn. Oúnjẹ tutù sílẹ̀ níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun àárọ̀, àwọn méjèèjì lọ bá Áàfáà Àbdùlgàfárù, àgbàlagbà tó ń kọ́ àwọn ọmọ agboolé ní kéwú. Ó fetí sílẹ̀ títí Gàníyù fi sọ̀rọ̀ tán.

"Sàréè kì í gba ilé lórí," ó wí. "Òpó kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́, ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti táyà."

Sàfúrátù, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, fa ìborùn rẹ̀ sójú. Áàfáà rí i. Ó wá ọ̀pá rẹ̀, ó dìde. "Ẹ jẹ́ n wá wò ó."

Ó rọra fi ọ̀pá tilẹ̀ rìn dé igun náà. Ó wo ògiri, ó wo òkúta kéékèèké wọ̀nyẹn, ó fi ọ̀pá wọn ilẹ̀ láti ibẹ̀ lọ sí ọ̀nà kànga. Ó pẹ́ níbẹ̀.

"Bí igi bá hù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibí," ó wí, "tí Ọlọ́run sì na ẹ̀ka rẹ̀ dé orí sàréè, ṣé a máa gé e ni? A ò ní gé e. Ẹ ri àwọn òpó yín jìnnà síbẹ̀. Ẹ mọ okítì díẹ̀ sílẹ̀ tí ẹsẹ̀ mọ́tò ò fi ní kọjá ààyè ẹ̀. Ilé ọkọ̀ lẹ̀ ń kọ́. Bí páànù bá wá gùn ju ọkọ̀ lọ, káfíńtà ló na ọwọ́." Ó wá kọjú sí Sàfúrátù. "Ọmọ rẹ wà lábẹ́ àánú Ọlọ́run. Àánú yẹn ni òrùlé tiẹ̀, kì í jò. Èyí tí ẹ fẹ́ kọ́ yìí, ìwọ ni wọ́n ń kọ́ ọ fún. Kò sí láìfí níbẹ̀."

Ajíbọ́lá fi gbogbo ara ṣe iṣẹ́ náà. Ó fa igi àjà gùn kọjá òpó, ó gbé igi mìíràn dábùú ògiri kó lè gbà á dúró, páànù wá nà dé igun pátápátá. Omi òrùlé á máa ṣàn gba ẹ̀yìn ògiri jáde. Gàníyù fúnra rẹ̀ ló po amọ̀ tó fi mọ okítì, kò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án. Ó mọ ọ́n ga dé orúnkún, ó fọwọ́ ra á títí ó fi ń dán.

Ọjọ́ tí ọkọ̀ máa wọlé, èrò kún agboolé. Sàfúrátù kọjá láàárín wọn, ó lọ dúró sẹ́yìn okítì náà, ó kọjú sí mọ́tò, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́. Gàníyù rọra ń bọ̀, ó ń wo ọwọ́ ìyàwó rẹ̀. Mọ́tò náà ń kùn, ilẹ̀ ń gbọ̀n. Sàfúrátù ò yẹ̀. Nígbà tó gbé àtẹ́lẹwọ́ sókè, Gàníyù tẹ bíréèkì, ọkọ̀ dúró bí ìgbà tí màlúù bá dé ibùjẹ. Àwọn èèyàn pariwo "Àlùbáríkà!"

Kì í ṣe pé àtíbàbà náà kò ní wàhálà tiẹ̀. Bí oòrùn bá mú, páànù a máa ta gbàgà gbàgà, àwọn ewúrẹ́ gbogbo agboolé sì sọ abẹ́ ọkọ̀ di ilé. Gàníyù lé wọn títí, ó rẹ̀ ẹ́.

Òjò ńlá àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìyẹn dé lọ́sàn-án kan, bí Gàníyù ṣe ń múra àtilọ gbé iṣu ní Òkè-Oyì. Ó ṣú láti ìhà odò Asà, ó sì já lù wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Ariwo òjò lórí páànù pọ̀ débi pé Gàníyù kò gbọ́ nígbà tí Sàfúrátù sáré wọ abẹ́ rẹ̀ tọ̀ ọ́ wá. Ṣàdédé ló rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, ìborùn rẹ̀ rin gbingbin, ojú rẹ̀ wà ní igun. Ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ. Eruku ṣì wà lórí àwọn òkúta náà.

Sàfúrátù wò ó títí. Èjìká rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ti ẹni tí wọ́n bá sọ ẹrù kalẹ̀.

Gàníyù ṣí ilẹ̀kùn iwájú ọkọ̀, àwọn méjèèjì jókòó síbẹ̀. Ó mọ́kàn le, ó sì béèrè ohun tó ti fẹ́ béèrè láti ọjọ́ tó ti Kàdúná dé.

"Báwo ló ṣe máa ń sọ̀rọ̀?"

"Ta ni? Binta?" Sàfúrátù yíjú sí i. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ẹ̀rín tó dé ẹnu rẹ̀, àmọ́ ó dé. "Háà! Ọmọ yín ò ní ìtìjú. Mo máa ń sọ fún un pé bàbá rẹ̀ tóbi, pé ó ga. Ló bá di pé gbogbo ohun tó tóbi ni 'Bàbá'. Àgbò iléyá, ó ní 'Bàbá'. Ìkòkò omi ńlá, 'Bàbá'. Lọ́jọ́ kan tí mo gbé e dé rélùwéè, tí ọkọ̀ ojú irin yọ, ó kígbe mọ́ ọn débi pé gbogbo èrò yíjú wò wá."

Gàníyù rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún. "Kí ló tún máa ń ṣe?"

Sàfúrátù gbé ẹsẹ̀ sórí ìjókòó, ó ká ìró mọ́ ọn. Ó sọ bó ṣe máa ń jí òwú òun, tá á fi wé orí. Ó sọ nípa oorun rẹ̀, nípa oúnjẹ tó kọ̀, nípa ewúrẹ́ kan tó fẹ́ràn. Òjò dá, oòrùn yọ, omi ń kán tótó lẹ́yìn ògiri, ó ṣì ń sọ ọ́. Gàníyù kò lọ sí Òkè-Oyì lọ́jọ́ náà.